Àtẹ̀gùn Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Sábì

Ẹ fa bẹ́ńṣì yẹn súnmọ́ mi kí n má baà máa pariwo. Ẹ ti rán Láídé akọ̀wé yín sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n padà wá jókòó sórí àga alága nínú ìpàdé tí ẹ̀ ń bá àwọn ọlọ́pàá ṣe, mo sì ní kó sọ fún yín pé orúnkún ń dùn mí. Irọ́ ni mo pa. Orúnkún ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúnkún yìí náà ni mo fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ Wẹ́sìdeè. Nígbà tí ẹ ti wá fúnra yín, n ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ẹ kàn ní sùúrù fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ní yé yín bí ẹ kò bá mọ bí àdúgbò yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀. Èmi kì í ṣe rédíò tí ẹ lè pa bó bá sú yín.

Ilé tó wà lọ́hùn-ún yẹn, èyí tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí ẹ̀yin obìnrin máa ń so okùn ìsáṣọ mọ́ ògiri rẹ̀, ilé Ìyá Sábì ni. Ẹ máa rí àtẹ̀gùn mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ wo ti àárín dáadáa. Ó ti jẹ wọnú láàárín bí ìsàlẹ̀ abọ́. Ìdí èèyàn ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tiwa, kí oòrùn tó mú, àdúgbò yìí ti dá páropáro. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ti wọ igbó gẹdú lọ. Àwọn bàbá wa wà lóko kòkó, àwọn ìyá wa wà nídìí gàrí lẹ́yìn odi. Láti ibi tí a ti ń gé igi, a máa ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ilé ìlagi nísàlẹ̀ ìlú, tí afẹ́fẹ́ bá sì yí padà, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ilé tí ẹ rí yìí, kò sí èyí tó ní géètì. Kò sí èyí tó ní àgádágodo pàápàá, àfi tiwa. Bàbá mi ra ọ̀kan bọ̀ láti Ìbàdàn nítorí pé ó rí i lára ilé ọ̀gá rẹ̀, ó sì wù ú. Ìyá mi ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró, ìró sì tú lójú odò, kọ́kọ́rọ́ bá omi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta la fi sun ilé aládùúgbò. Àwọn èèyàn ń bi wá pé kí la kó pamọ́ sínú ilé tí a fi ń tì í. Nígbà tí wọ́n fi igi já ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ wa kan ló wà nínú ilé, ó sì ti jẹ Bíbélì bàbá mi dé ìwé Orin Dáfídì. Bàbá mi so àgádágodo náà kọ́ ara ògiri, kò tì í mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ ó béèrè pé ta ló wá ń ṣọ́ ilé. Ìyá Sábì ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti ìgbà tó bí Sábíù, kò lè lọ sóko. Bó bá ti kírun òwúrọ̀ tán, ó ti dé orí àtẹ̀gùn yẹn, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gúsí níwájú rẹ̀, kò sì ní dìde títí di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun Àsárì. Àlejò tó bá wọ àdúgbò yìí, òun ló máa kọ́kọ́ rí i. Á ní, "Wo kú àbọ̀ o. Ọmọ lèsí ni wo? Ọ̀dọ̀ lèsí ni wo ń lọ?" Bí àlejò bá dárúkọ onílé tí kò sí nílé, Ìyá Sábì kò ní lé e, kò sì ní jẹ́ kó kọjá. Á sún díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á ní, "Jókòó. Bó ẹ̀gúsí." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àlejò á jókòó, á máa bó ẹ̀gúsí títí onílé á fi ti oko dé.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó kọ̀ fún un. Nígbà tí ọwọ́ bá ń bó ẹ̀gúsí, ẹnu kò ní iṣẹ́, ẹnu á sì máa sọ̀rọ̀. Kó tó di ọ̀sán, Ìyá Sábì á ti mọ ìlú ìyá rẹ, á ti mọ iye ọmọ tí o bí, á sì ti mọ èyí tó ń dààmú rẹ nínú wọn. Wolé-wolé kan wá láti ìjọba lọ́jọ́ kan, ó wọ kakí, ó ní òun fẹ́ yẹ ìkòkò omi wò. Ìyá Sábì ní àwọn tó ni ìkòkò kò sí nílé, ó ní kó jókòó. Ọkùnrin náà bó ẹ̀gúsí kún abọ́ kan. Nígbà tí a dé, a bá a níbẹ̀ tó ti bọ́ fìlà, tó ń sọ bí ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe ń fojú rẹ̀ rí màbo. Kò yẹ ìkòkò kankan wò mọ́. Ó jẹ èbà, ó lọ.

Olè pàápàá ti wá rí. Ọkùnrin kan gba ọ̀nà Àwà wọlé, ó wọ agbádá nínú ooru, ó ní òun ń wá Bàbá Mùsílíù, bẹ́ẹ̀ kò sí Mùsílíù kankan ládùúgbò yìí. Ìyá Sábì kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní kó jókòó, kó bó ẹ̀gúsí títí Bàbá Mùsílíù á fi dé. Ọkùnrin náà ń bó o, òógùn ń bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ ní tipátipá. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, kò sì padà wá mọ́ títí di òní. Àpò ńlá tó ká sábẹ́ agbádá láti fi kó ẹrù ẹlẹ́rù, ó gbàgbé rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Àpò náà ni Ìyá Sábì fi ń kó ẹ̀gúsí fún ọdún púpọ̀. Tó bá di Iléyá, tó bá ń pín ẹran fún àwa onígbàgbọ́, á ní kí a bá òun ṣàdúà fún ẹni tó fún òun ní àpò.

Nínú gbogbo àlejò tó jókòó níbẹ̀, ọ̀kan wà tí n kò gbàgbé. Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ rẹ̀. Èfìrè ló ti ń wá, létí ọ̀sà, ó ń gbé ẹja gbígbẹ wá tà lọ́jọ́ ọjà. Ọ̀dọ̀ Ìyá Sábì ló ń sùn sí, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó yá lọ́wọ́ tó o nídìí ẹ̀gúsí. Iwájú orí rẹ̀ yọ síta, ó sì gbòòrò, àwọn ọmọdé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì máa fi ara rẹ̀ ṣe é. Òun nìkan ló ń pè mí ní Onígẹdú. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ti ṣe ọ̀dọ́ rí. Ó ní ọkọ létí omi, èmi náà sì fẹ́ ìyá àwọn ọmọ mi, kò sí ohun kankan tó bàjẹ́. Ìgbà tí Ìyá Sábì kú ló wá kẹ́yìn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn náà, ó sunkún, ó bó ìyókù ẹ̀gúsí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ tán, ó sì lọ sílé.

Ó ti lé lógún ọdún. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ kọ́lé, wọ́n mọ odi yí i ká. Àwọn ayálégbé dé, tí wọ́n ń lọ sí ilé ìwé gíga ní Àgọ́-Ìwòyè láàárọ̀, tí wọ́n ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú nǹkan nínú etí wọn. Àwọn tó mọ̀ mí láti kékeré ti di ẹni ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jí ọ̀kadà ọmọ Àlàájà lọ lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n tú ilé tíṣà, wọ́n sì jí ọkùnrin kan gbé lójú ọ̀nà oko, a gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo rántí pé mo jókòó sínú pálọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, mo ń ronú pé kí làgbàlagbà bíi tèmi lè ṣe.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá ọlọ́pàá pè wá sí gbọ̀ngán ilé ìwé. Ọmọlúwàbí ni. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kò pọ̀ tó láti wà níbi gbogbo, pé àwa ni ojú àwọn, pé kí a jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ẹ ní èmi ni kí n ṣe alága nítorí pé èmi ni mo mọ gbogbo èèyàn. Ẹ ò mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ gẹdú sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi mọ́ pé òun nílò mi fún nǹkan kan. Ọ̀gá náà fún wa ní nọ́ńbà, Láídé dá ẹgbẹ́ Wasáàpù sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ mi bí mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ìkìlọ̀ kan ni ọ̀gá náà ṣe fún wa, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: bí a bá rí ẹni tí a kò mọ̀, kí a má súnmọ́ ọn, kí a má bá a sọ̀rọ̀, kí a pe àwọn. Kò burú. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn olè ìsinsìnyí, kò sí ẹni tó máa ní kí wọ́n wá bó ẹ̀gúsí. Ọ̀nà yẹn sì ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n fi mú àwọn tó jí jẹnẹrétọ̀ Àlàájà, ẹ má sọ pé mo ń bú ọlọ́pàá.

Ọjọ́ Túsìdeè kan ni. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, oòrùn wá mú gan-an lọ́sàn-án. Mo wo ojú fèrèsé mi, mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó sórí àtẹ̀gùn Ìyá Sábì. Ti àárín. Ó dé fìlà tó bo iwájú orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi nǹkan sétí, ó sì gbé báàgì dúdú sórí ẹsẹ̀. Wákàtí kan kọjá, kò dìde. Ó ń wo ilé kọ̀ọ̀kan, bó bá wo èyí tán, á wo òmíràn. Ẹnu ń yún mi láti kí i. Mo tilẹ̀ ti di irin fèrèsé mú. Mo rántí ohun tí ọ̀gá sọ, mo tẹ fóònù.

Láídé kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé kí gbogbo wa ṣọ́ra, ẹni tí a kò mọ̀ wà ládùúgbò. Ṣé ẹ rántí? Mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn yín ṣe ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òpin ibí dé òpin ọ̀hún. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbọ́ ọ, ó gbójú sókè, kò mọ̀ pé torí òun ni. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi dé. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn, n kò gbọ́ nítorí pé mo ti pa fèrèsé dé díẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ń yí padà, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá juwọ́ sí mi pé mo ṣe dáadáa, èmi náà sì juwọ́ sí i. Mo jẹun, mo sì sùn dáadáa lọ́sàn-án yẹn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Láídé wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ ọ̀hún ń ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Wọ́n bi í pé ta ló wá rí, ó ní wọ́n ní kí òun jókòó sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Sábì, ẹni tó bá kọ́kọ́ wá kí òun ló máa fi ilé Onígẹdú han òun. Wọ́n ní ta ni Onígẹdú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní Ìyá Sábì ń kọ́, wọ́n sì gbọ́ pé ó ti kú tipẹ́. Wọ́n tú báàgì rẹ̀, aṣọ kan ni wọ́n bá níbẹ̀, àti ọ̀rá ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì bó.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láídé rò pé ara mi kò yá, ó sáré lọ bu omi wá. Mo ní, "Èmi ni Onígẹdú." Kò gbọ́ ohun tí mo sọ, ó tún da omi lé mi lórí.

Mo wọ sùtánà tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí mo rò pé wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n fún mi ní àga. Ọ̀gá wa ọmọlúwàbí ti rìnrìn àjò. Ọmọbìnrin ọlọ́pàá kan ló dá mi lóhùn, ó ní wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí ọ́fíìsì ńlá, nítorí pé kò rí ẹni tó dá a mọ̀. Mo ní mo dá a mọ̀, èmi ni Onígẹdú tó ń wá. Ó ní, "Bàbá, kí lorúkọ rẹ̀?" N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní èmi ni mo pè yín, mo sì ti gba ìpè mi padà. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ṣe tiyín. Ó ti kúrò lọ́wọ́ wa." Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta. Mo bá wòlíì wa sọ̀rọ̀, mo bá àwọn onílé sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló bá mi kẹ́dùn, gbogbo wọn ló sì ní kí n fi sílẹ̀ fún ìjọba. N kò ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni ní Èfìrè, n kò sì lè dá rìnrìn àjò débẹ̀ mọ́. Èmi tí mo fi ìka kan ṣoṣo tì í wọlé, n kò lè fi ọwọ́ méjèèjì fà á jáde.

Ọjọ́ kẹfà ni ọmọ náà wá síbí. Wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀sùn kankan, wọ́n sì júwe ilé mi fún un, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Kò dé fìlà. Kó tó la ẹnu ni mo ti rí iwájú orí Rẹ̀mílẹ́kún lára rẹ̀. Ká ní mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó ṣí fìlà kí mi, bí kò tiẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kankan, n bá mọ̀ ọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́nu géètì. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Ó ní Tìmílẹ́yìn lorúkọ òun, ọmọ ọmọ Rẹ̀mílẹ́kún lòun, òun kò ní wọlé, iṣẹ́ tí wọ́n rán òun nìkan ni òun wá jẹ́.

Ó ní màmá àgbà òun wà láyé, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́. Àwọn jàǹdùkú ń dà wọ́n láàmú létí omi, wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Màmá ní kí n bi yín bóyá yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn ṣì wà. Wọ́n fẹ́ wá lo ìyókù ọjọ́ ayé wọn níbí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè wọ àdúgbò yìí kí ẹnì kan má kí i."

Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo pè wọ́n wá mú ẹ."

Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Mo rí ọwọ́ yín lójú fèrèsé."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó sọ fún un kó máa bọ̀, mo ní èmi fúnra mi máa tún yàrá náà ṣe, bó bá jẹ́ orúnkún ni n ó fi fọ ilẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Bí mo bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, ó lè pa wọ́n. N ó kàn sọ pé mo jókòó síbẹ̀ títí, n kò rí ẹnikẹ́ni."

Ó yọ ọ̀rá ẹ̀gúsí náà nínú báàgì, ó gbé e lé orí odi. Ó ní wọ́n ní kí òun máa bó o títí ẹnì kan á fi dé, òun ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dé nítorí pé ojú ń ti òun. Ó lọ. Mo gbé ọ̀rá náà wọlé.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ ń retí kí n ní kí ẹ má pe ọlọ́pàá mọ́, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jí ọkùnrin ojú ọ̀nà oko yẹn gbé ṣì wà nílé ayé. Bí mo bá tún rí ẹni tí n kò mọ̀ lọ́la, n kò mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ni n ó ṣí tàbí fóònù ni n ó tẹ̀. Ẹ wá ẹlòmíràn tó mọ èyí tó yẹ kó ṣe, kí ẹ fi í ṣe alága.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn lọ́sàn-án. Ẹ ti ń rí mi, ẹ rò pé atẹ́gùn ni mò ń gbà. Ẹ̀gúsí Rẹ̀mílẹ́kún ni mò ń bó. Mo bó o tán lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò sẹ́ni tó wá, mo sì tún kó ẹ̀gúsí àti èèpo rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, mo gbé e wá sílé.